Tìmùtìmù Tó Rọ̀ Kọ́ Ló Ń Tuni Lára

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Nínú ìwé ìròyìn wa tó kọjá, ìpínrọ̀ kan péré ni mo kọ lórí àga inú ọkọ̀ ojú irin. N ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti di ẹ̀dùn sí yín lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà tó wọlé lórí ìpínrọ̀ kan náà ju gbogbo èyí tí mo gbà lórí àga pálọ̀ láti ọdún tó kọjá lọ. Ó yé mi. Bí àga pálọ̀ bá ń dunni, èèyàn lè dìde kúrò lórí rẹ̀ kó lọ jókòó sórí ẹní. Ẹni tó ti san owó ọkọ̀ kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀, àfi kó máa fara dà á títí yóò fi débi tó ń lọ.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa pàdé: oníkúṣìn ni mí. Mushin ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí kì í jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìránṣọ títí yóò fi mọ abẹ́rẹ́ ọwọ́ lò dáadáa. Nígbà tí mo dé ìlú Òyìnbó, iṣẹ́ tí mo rí ni ti ṣẹ́ẹ̀dì ńlá kan tí wọ́n ti ń tú àga ọkọ̀ ojú irin palẹ̀, tí wọ́n ń pààrọ̀ fóòmù àti aṣọ rẹ̀. Ọdún 17 ni mo lò níbẹ̀. Ohun tí mo bá sọ fún yín níbí, ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kí ẹnu mi tó sọ ọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Nọ́ọ̀sì ni mí. Ìlú kékeré kan lẹ́yìn Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé, àárín Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Wákàtí kan ni mò ń lò nínú ọkọ̀ ojú irin ní àlọ, wákàtí kan ní àbọ̀. Ìjókòó rẹ̀ le bíi pákó. Bí mo bá ń ti iṣẹ́ òru bọ̀, ńṣe ni ìdí máa ń ta mí, ẹ̀yìn á sì tún máa ro mí. Bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tuntun ni wọ́n pè é o! Àwọn ògbólógbòó ọkọ̀ tí mo bá nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí rọ̀ jù ú lọ. Ṣé ahun ni àwọn èèyàn yìí ni, àbí wọn kì í jókòó sórí ohun tí wọ́n ń rà?
— Nọ́ọ̀sì Òru

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ òru, Ọlọ́run á máa bá ọ ṣọ́ ọwọ́ tí o fi ń tọ́jú aláìsàn. O ò dárúkọ ọkọ̀ tí ò ń wọ̀, kò sì pọn dandan, nítorí ìwọ kọ́ lo kọ́kọ́ ké igbe yìí. Lọ́dún 2016 tí ọkọ̀ Class 700 tí Siemens ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ọ̀nà Thameslink, ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tó la àárín Lọ́ńdọ̀nù kọjá, àwọn èrò inú rẹ̀ fúnra wọn ló fún ìjókòó rẹ̀ ní orúkọ tó fi di mímọ̀: pátákó ìlọṣọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ọkọ̀ Class 800 tí Hitachi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò ògbólógbòó ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Intercity 125 lójú ọ̀nà tó lọ sí ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ náà, igbe kan náà ló tún sọ. Láti 1976 ni wọ́n ti ń wọ Intercity 125, àwọn èèyàn sì mọ ohun tí ìdí wọn ti mọ́ lára.

Àmọ́ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ kan kúrò nílẹ̀, torí òun ló wà nídìí gbogbo lẹ́tà tí mo gbà: rírọ̀ yàtọ̀ sí ìtura. Mo mọ̀ pé ó ṣòroó gbà. Èmi náà ò gbà á nígbà tí ọ̀gá mi ní Mushin sọ ọ́, àfìgbà tí mo fojú ara mi rí i.

Ọjọ́ kan ní ṣẹ́ẹ̀dì wa, mo ṣe tìmùtìmù oríṣi méjì, mẹ́rin mẹ́rin, mo sì fi aṣọ kan náà bo gbogbo wọn. Oríṣi kan rọ̀ bíi búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò. Èkejì le díẹ̀, fóòmù inú rẹ̀ kì, ó wúwo lọ́wọ́. Mo ní kí àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ jókòó lé wọn wò fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Gbogbo wọn ló nawọ́ sí èyí tó rọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, a ṣe ìpàdé kan tó gbà wá ní wákàtí kan àbọ̀, mo sì ti tẹ́ àwọn tìmùtìmù náà sórí àga kí wọ́n tó wọlé. Kí ìpàdé tó dé ìdajì, àwọn tó wà lórí èyí tó rọ̀ ti ń yí ìdí síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọ́n ń na ẹsẹ̀, wọ́n ń ká a kò. Àwọn tó wà lórí èyí tó le ò mira.

Egungun méjì ló wà nísàlẹ̀ ìdí èèyàn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ṣóńṣó wọn kọjú sílẹ̀. Bí o bá jókòó sórí pákó lásán, wàá mọ ibi tí wọ́n wà. Orí wọn ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo ara òkè máa ń sọ̀ sí. Iṣẹ́ tí fóòmù wá ṣe ni láti gba díẹ̀ nínú ẹrù náà lọ́wọ́ wọn, kó pín in fún ẹran ìdí àti itan. Fóòmù tó rọ̀ jù á tẹ̀ lábẹ́ egungun náà títí yóò fi pẹlẹbẹ, á wá ku ìwọ àti irin tó wà nísàlẹ̀. Fóòmù tó kì á tẹ̀ débi kan, á sì dúró. Ẹ má sì gbàgbé pé ọkọ̀ ń mì. Ìmìtìtì òkè-sódò tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹrin sí ẹ̀ẹ̀mẹjọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni ara ẹni tó jókòó kórìíra jù, fóòmù tó rọ̀ jù sì máa ń bá irú ìmìtìtì bẹ́ẹ̀ jó ni, á sọ kékeré di ńlá.

Wàá ní, tèmi yìí le, kí ló dé tó ń dùn mí? Ohun tó ń dùn ọ́ ni pé ó le, ó sì tún tín-ín-rín, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Fóòmù tó kì gbọ́dọ̀ nípọn kó tó ráyè ṣiṣẹ́. Bí ó bá tín-ín-rín, egungun á tètè bá ìsàlẹ̀ rẹ̀ pàdé. Bí wọn ò bá sì gbẹ́ ibi tí ìdí yóò bọ́ sí, gbogbo ẹrù á dúró sójú kan náà.

Ìdí tí wọ́n fi ṣe é tín-ín-rín, èrò ló ṣáájú. Class 700 tó ní kóòṣì 12, ìyẹn yàrá èrò 12 tí wọ́n so mọ́ra, gùn ju mítà 240 lọ. Èrò 1,754 ni wọ́n ṣírò pé ó lè gbà, ìjókòó inú rẹ̀ sì jẹ́ 666. Tún un kà. Láti orí ìwé ni wọ́n ti mọ̀ pé èyí tó pọ̀ jù nínú èrò á wà lóòró. Àárín Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń rò, níbi tí wọ́n ti fẹ́ kí ọkọ̀ 24 máa kọjá lọ́nà kan ṣoṣo láàárín wákàtí kan. Bí ilẹ̀kùn ò bá fẹ̀, tí ọ̀nà àárín ò bá gba èèyàn, èrò ò ní lè tètè bọ́ sílẹ̀, ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn á máa dúró de tiwájú. Àga tó tín-ín-rín ló fún wọn ní àyè yẹn. Fún ẹni tó wọ̀ ọ́ ní St Pancras tó sọ̀ ní Blackfriars, ibùdó méjì tí kò jìnnà síra ní àárín Lọ́ńdọ̀nù, ìpinnu tó dáa ni, kò tiẹ̀ ní ráyè mọ bí àga ṣe rí. Fún ẹni tó máa lo wákàtí kan nínú rẹ̀, kò dáa rárá. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní kó ṣe iṣẹ́ méjì, iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ìgboro àti iṣẹ́ ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn, wọ́n sì ran àga rẹ̀ fún ti ìgboro. Níbẹ̀ ni ìyà rẹ ti wá, ọmọ mi.

Iná náà tún wà ńbẹ̀. Ní Yúróòpù, ìlànà kan wà tí wọ́n ń pè ní EN 45545, òun ló sọ bí gbogbo ohun tó wà nínú ọkọ̀ ojú irin ṣe gbọ́dọ̀ ṣe bí iná bá ń jó o. Nínú ìdánwò tí wọ́n ń ṣe fún àga, wọ́n á kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ ya aṣọ rẹ̀ bí àwọn ọmọ ìta ṣe máa ń ya á, kí wọ́n tó tanná sí i, kí wọ́n lè wo bí fóòmù inú rẹ̀ ṣe máa ṣe. Fóòmù tí mo fi kọ́ṣẹ́, èyí tó fúyẹ́ tó sì rọ̀ mùkẹ̀mùkẹ̀, kíá ni iná á gbà á lọ, èéfín rẹ̀ sì burú ju iná fúnra rẹ̀ lọ. Lórí èyí, n kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Kí ìdí máa ta mí sàn ju kí n má délé lọ. Àmọ́ ìlànà náà ò sọ pé kí fóòmù tín-ín-rín. Fóòmù tí iná kì í tètè mú wà tó nípọn. Ó kàn wọ́n lówó, ó sì wúwo ni. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ iná bo àga burúkú mọ́lẹ̀, ìdajì òótọ́ ló sọ.

Mo bá ilé iṣẹ́ kan ṣiṣẹ́ rí, n ò ní dárúkọ rẹ̀, tó ní ká yọ sẹ̀ǹtímítà 2 kúrò nínú fóòmù àga kan kí owó lè wálẹ̀. Mo sọ fún wọn pé kò ní pẹ́. Ọdún kan àbọ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n kó àwọn àga náà padà wá bá wa, àárín wọn ti jìn bí inú odó. Owó tí wọ́n fi tún un ṣe ju èyí tí wọ́n rò pé àwọn fi pamọ́ lọ. Ìyẹn ò tiẹ̀ dùn mí tó àwọn tó jókòó lé e fún ọdún kan àbọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò bi léèrè bó ṣe rí.

Ohun tí o lè ṣe nìyí. Ti ìdí rẹ wọnú àga títí yóò fi kan ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń jókòó sétí bí àlejò. Ká súwẹ́tà tàbí ìborùn rẹ, fi sí ìbàdí, má fi sábẹ́ ìdí. Bí ọkọ̀ bá ti rìn dé ìdajì ọ̀nà, dìde dúró fún ìṣẹ́jú méjì, kódà bí ó bá rẹ̀ ọ́. Dídìde yẹn dáa ju tìmùtìmù èyíkéyìí tí o lè rà lọ, torí kò sí àga tí wọ́n tíì ṣe tí ara ò ní sú lórí rẹ̀ bí èèyàn ò bá mira.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ ǹ lẹ́ o, Bàbá Oníkúṣìn. Aṣọ ni mò ń tà n'Íbàdàn, Èkó ni mo ti ń kó ọjà. Láti ìgbà tí rélùwéè tuntun ti dé, n kì í fẹ́ wọ mọ́tò mọ́, ojú ọ̀nà márosẹ̀ yẹn ti sú mi. Mòníyà ni mo ti ń wọ̀ ọ́, Alágomẹjì ni mo ti ń sọ̀. Ọkọ̀ náà mọ́, ó tutù. Àmọ́ àwọn àga kan kọjú síwájú, àwọn kan kọjú sẹ́yìn. Bí mo bá bọ́ sórí èyí tó kọjú sẹ́yìn, òòyì á máa kọ́ mi, èébì á fẹ́ẹ̀ gbé mi. Ọmọ mi tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Japan ní àga tiwọn máa ń yí. Ṣé òótọ́ ni, àbí ó ń fi mí ṣeré?
— Ìyá Aláṣọ, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ìyá Aláṣọ, ẹ kú ọjà o, ẹ ó jèrè. Òótọ́ lọmọ yín sọ. N ó dé Japan, àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti òòyì yẹn.

Nínú etí lọ́hùn-ún, omi díẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń sọ fún ọpọlọ bóyá ara ń lọ síwájú, ó ń dúró, tàbí ó ń yà. Ojú náà ń sọ tirẹ̀. Bí ohun tí etí sọ bá ta ko ohun tí ojú sọ, ọpọlọ ò ní mọ èyí tí yóò gbà, inú á wá máa rú. Ẹni tó kọjú síwájú ń rí ibi tó ń lọ, ara rẹ̀ á ti múra sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó yà. Ẹni tó kọjú sẹ́yìn ò rí nǹkan kan títí ọkọ̀ fi yà tán. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi lè kọjú sẹ́yìn láti ìlú dé ìlú kó máa hun súwẹ́tà.

Ní Japan, lára ọkọ̀ Shinkansen, ọkọ̀ ojú irin wọn tó ń sáré gan-an, ẹsẹ̀ kékeré kan wà lábẹ́ àga tí wọ́n máa ń tẹ̀, àga náà á sì yí po, ti ẹlẹ́ni méjì àti ti ẹlẹ́ni mẹ́ta. Nígbà tí ọkọ̀ bá dé òpin ọ̀nà ní Tokyo, àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó á wọlé, ìṣẹ́jú 7 péré ni wọ́n ní. Wọ́n á gbálẹ̀, wọ́n á nu tábìlì, wọ́n á sì yí gbogbo àga kọjú sí ibi tí ọkọ̀ ń padà lọ. Mo mọ ohun tó gbà láti ṣe irú àga bẹ́ẹ̀. Ìdè kan ṣoṣo tó wà lábẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ lágbára tó láti gba èèyàn mẹ́ta nígbà tí ọkọ̀ bá ta bíréèkì lójijì, kó sì tún rọrùn tó kí òṣìṣẹ́ kan lè fi ẹsẹ̀ kan yí i. Ẹni tó ṣe é mọṣẹ́.

Ohun tó fà á tí kò fi sí níbi gbogbo ni àyè. Láti ẹ̀yìn àga kan dé ẹ̀yìn èkejì nínú kóòṣì gbáàtúù Shinkansen jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 104. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, àga ẹlẹ́ni mẹ́ta ò ní rí ibi yí sí. Ara ọkọ̀ wọn náà fẹ̀, ó lé ní mítà 3.3. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà ju mítà 2.8 lọ, torí àwọn afárá àti ihò abẹ́ òkè tí wọ́n ti gbẹ́ láyé àwọn baba ńlá wọn ni ọkọ̀ ṣì ń gbà kọjá títí dòní. Ohun kan tún wà lára N700, oríṣi Shinkansen kan, tí mo fẹ́ràn gan-an. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó jókòó láàárín nínú ẹlẹ́ni mẹ́ta ló máa ń jìyà jù, apá ló ń fún un lọ́tùn-ún, apá ló ń fún un lósì. Wọ́n bá fún àga àárín ní sẹ̀ǹtímítà 46, nígbà tí tàwọn yòókù jẹ́ 44. Sẹ̀ǹtímítà 2 péré! Àmọ́ ẹnì kan ló jókòó ronú nípa ẹni àárín yẹn kó tó fa ìlà rẹ̀ sórí ìwé.

Ní ti ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn wa, kìlómítà 157 ni, wákàtí méjì àbọ̀ ló sì máa ń gbà. Àga tó kọjú síra wọn láǹfààní tirẹ̀: ìdílé lè jọ jẹun, ìyá lè máa wo ọmọ rẹ̀ níwájú. N ò ní sọ pé kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin ẹ ṣe báyìí. Kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹ bi òṣìṣẹ́ léèrè apá ibi tó ń lọ, bí tiyín bá kọjú sẹ́yìn, ẹ bẹ ẹni tó wà níwájú yín kí ẹ jọ pààrọ̀. Àwọn tí kò dà láàmú pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí ẹ bá lè yàn, ẹ jókòó sí àárín kóòṣì, torí orí ẹsẹ̀ ọkọ̀ lápá ìpẹ̀kun ni mímì rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ máa wo ọ̀nà jíjìn lójú fèrèsé, kí ẹ má wo igi tó wà nítòsí. Ẹ má sì wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ikùn òfìfo tàbí àmàlà àjẹyó.

Lẹ́tà yín mú mi rántí bàbá mi. Rélùwéè àtijọ́, èyí tó ti dé Ìbàdàn láti 1901, ló máa ń wọ̀, orí bẹ́ǹṣì onípákó. Bí ó bá dé, ó máa ń dùbúlẹ̀ sórí ẹní fún ìrọ̀lẹ́ kan gbáko, ìyá mi á máa fi omi gbígbóná jó o ní ìbàdí. Ọmọdé ni mí, mo rò pé ohun tí ìrìn àjò jẹ́ nìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, mo sanwó lé e láti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo débẹ̀, ògiri ni mo bá. Mo ga ní mítà 1.93, orúnkún mi sì ń gún àga iwájú. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń ṣètò nǹkan wọ̀nyí?
— Gíga Bí Ọ̀pẹ

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó gé fèrèsé, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó to àga. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ara ọkọ̀ á gé fèrèsé sí i lẹ́ẹ̀kan. Lórí ilẹ̀ àti lára ògiri, wọ́n á de irin gígùn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ kóòṣì dé òpin, orí irin yẹn ni wọ́n ti ń sún àga síwájú sẹ́yìn. Ẹni tó bá gba ọkọ̀ láti máa fi ṣiṣẹ́ ló máa sọ iye àga tó fẹ́. Bí ó bá fẹ́ kó pọ̀, wọ́n á sún wọn mọ́ra, àga kan á bọ́ sójú fèrèsé, èkejì á bọ́ sójú ògiri. Ní ti orúnkún rẹ, àga tí ẹ̀yìn rẹ̀ tín-ín-rín tí gbogbo èèyàn ń bú yẹn, ìwọ ló ṣe lóore, torí sísanra ẹ̀yìn àga ló ń jẹ ibi tó yẹ kí orúnkún wà. Wá ìjókòó onítábìlì, tàbí èyí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ ti àwọn aláìlera ni, fi sílẹ̀ fún wọn.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, kí ló dé tí àga ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù fi dà bíi kápẹ́ẹ̀tì, tí ti ọkọ̀ ojú irin Blue Line wa l'Ékòó sì le gbandi, tí ó tò gba ẹ̀gbẹ́ ògiri? Ṣé a ò tọ́ sí aṣọ ni?
— Ọmọ Èkó Ní Peckham

ÌDÁHÙN: Ẹ tọ́ sí i o! Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí aṣọ yẹn, torí mo fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo aṣọ tí mo ti rán lọ.

Mọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é, Faransé ló ni orúkọ náà. Irun àgùntàn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, nǹkan bí 85 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyókù jẹ́ náílọ́ọ̀nù. Wọ́n á hun ún kí irun rẹ̀ lè dìde dúró, bíi fẹ́lífẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ó le jù ú lọ. Irun àgùntàn kì í tètè gbiná, ó ń mí, kì í jẹ́ kí ìdí èèyàn là ní òògùn. Awọ rọrùn láti nù, mo gbà, àmọ́ ó ń yọ̀: bí awakọ̀ bá ta bíréèkì, èèyàn á máa yọ̀ lọ sórí ẹlòmíì. Àwọn àwòrán ara mọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ní ìdí tí wọ́n fi rí bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún 1930 sí 1940, wọ́n gbé iṣẹ́ fún àwọn ayàwòrán bíi Enid Marx pé kí wọ́n ya bátànì tí kò ní jẹ́ kí ìdọ̀tí hàn, tí kò sì ní máa da ojú èrò rú. Ẹ wo èyí tí wọ́n ń pè ní Barman dáadáa lọ́jọ́ tí ẹ bá tún wọ̀ ọ́, ẹ máa rí London Eye, Big Ben, Tower Bridge àti St Paul's tí wọ́n fi ara pamọ́ sínú ìlà rẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó ti ahunṣọ òfì rí á mọ iṣẹ́ tó wà nínú kí bátànì má yà níbi tí aṣọ ti pàdé aṣọ. Ní ṣẹ́ẹ̀dì wa, mo ti tú ìránpọ̀ kan nígbà mẹ́ta rí nítorí ìlà kan tí kò bára mu.

Ní ti Blue Line, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, láti Marina dé Mile 2, kìlómítà 13. Èèyàn ò ní pẹ́ nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí egungun ìdí á fi rántí pé òun wà. Níbẹ̀, àyè ìdúró, òpó tí ọwọ́ lè dì mú, atẹ́gùn àti ilẹ̀kùn tó fẹ̀ ló yẹ kí owó lọ sí. Bákan náà ni ti ọkọ̀ ojú irin Elizabeth line tí wọ́n ṣí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2022: èrò 1,500 ló ń gbà, ìjókòó rẹ̀ jẹ́ 450, n ò sì gbọ́ kí ẹni tó ń ti Paddington lọ sí Whitechapel máa sunkún. Ọ̀rọ̀ máa ń di wàhálà nígbà tí wọ́n bá gbé irú àga bẹ́ẹ̀ sínú ọkọ̀ tí èèyàn máa jókòó sí fún wákàtí kan tàbí méjì. Bí wọ́n bá fẹ́ ra àga, ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni, báwo ni èèyàn á ṣe pẹ́ tó lórí rẹ̀? Ó yẹ kó ṣáájú iye owó, kó sì ṣáájú àwọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin ló ní kí n wá bá òun tọ́ ọmọ ní Manchester, òun náà ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. A wọ ọkọ̀ ojú irin lọ kí ẹ̀gbọ́n mi, ó tó wákàtí mẹ́ta. Èmi ò ga, mítà 1.48 ni wọ́n wọ̀n mí sí nílé ìwòsàn. Ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó kàn ń fì dirodiro bíi ti ọmọdé. Nígbà tí a débẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì ti wú. Ìtìjú ni mo fi dákẹ́. Ṣé ara mi ló ń ṣe mí ni?
— Ìyá Àgbà

ÌDÁHÙN: Mọ́mì, ẹ kú ọmọ títọ́, ẹ ó jẹun ọmọ. Kò sí ohun ìtìjú kankan níbẹ̀. Àga ló ga jù fún yín. Lẹ́tà yín ni mo tún kà jù nínú gbogbo wọn, torí bí ẹ ti kúrú mọ náà ni ìyá tó bí mi.

Àga ọkọ̀ ojú irin sábà máa ń ga tó sẹ̀ǹtímítà 43 sí 45 láti ilẹ̀. Ẹni tó bá ga tó yín, láti gìgísẹ̀ rẹ̀ dé kòtò ẹ̀yìn orúnkún ò sábà ju nǹkan bí 37 lọ. Ẹ yọ ọ́, ẹ máa rí àyè tó ṣẹ́kù. Bí ẹsẹ̀ ò bá kanlẹ̀, ìwúwo ẹsẹ̀ á máa fa itan sílẹ̀, etí iwájú àga á wá máa tẹ ìsàlẹ̀ itan, lọ́wọ́ ẹ̀yìn orúnkún, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà padà sókè. Ẹ̀jẹ̀ ò ní lè lọ bó ṣe yẹ, ẹsẹ̀ á sì wú. Bí ẹ bá sún síwájú kí ẹsẹ̀ lè kanlẹ̀, ẹ̀yìn yín á kúrò lára àga, ẹ̀yìn á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ro yín. Kò sí ibi tí ẹ yí i sí tí kò ní dùn yín.

Àwọn tó ń ṣe é máa sọ pé bí àwọn bá sọ àga kalẹ̀, orúnkún àwọn tó ga á gòkè, wọ́n á na ẹsẹ̀ síwájú, àyè á tún fún. Pé àwọn àgbàlagbà mìíràn kì í lè dìde lórí àga tó bá wálẹ̀ jù. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Àmọ́ àwọn ọkọ̀ kan ní irin ìtẹsẹ̀ tí èèyàn lè fà sílẹ̀ lábẹ́ àga iwájú, ohun kékeré tí kò gba àyè. Mo ti de ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀ mọ́ àga fún kóòṣì àwọn olówó. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí mo bá de ọ̀kan, ìyá mi ni mo máa ń rí lójú mi, kóòṣì àwọn olówó sì kọ́ ni ì bá wọ̀. Etí iwájú àga pẹ̀lú, bí wọ́n bá gé fóòmù rẹ̀ kó dagun sílẹ̀ díẹ̀ dípò kó dúró ṣáńṣán, kò ní máa gé èèyàn ní itan. Ọ̀bẹ kan náà ni wọ́n á fi gé e, kò ní ná wọn ní kọ́bọ̀ kan sí i.

Nígbà tí ẹ bá tún ń rìnrìn àjò, ẹ gbé báàgì yín sábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, èyí tó le, tí kò ní tẹ̀. Ẹ máa yí ọrùn ẹsẹ̀ yín po, ẹ sì jẹ́ kí ọmọ yín bá yín dìde rìn díẹ̀ láàárín kóòṣì. Bí ó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú, tó ń dunni, tó gbóná, ẹ má dúró dọjọ́ kejì, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ kọjú sí lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ ní kí ọmọ yín wọn ẹsẹ̀ yín fún mi láti gìgísẹ̀ dé kòtò ẹ̀yìn orúnkún, pẹ̀lú bàtà tí ẹ sábà máa ń wọ̀, kó fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn wa. Mo ti gé pákó àpótí ìtìsẹ̀ kékeré kan sílẹ̀, tó ṣe é ká pọ̀ kí ẹ lè fi sínú báàgì. Mọ́kẹ́ẹ̀tì pupa kan ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi tí mo fẹ́ fi bo orí rẹ̀. Gíga rẹ̀ nìkan ni mò ń dúró dè.